Ẹ̀fọ́ Òdú Nínú Ilé Gíláàsì

Láti ìgbà tí mo ti dé ni àwọn èèyàn ti ń dá mi dúró ní Iba. Ní ìta ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé, nínú kẹ̀kẹ́ Máwà pàápàá, ìbéèrè kan náà ni: báwo ni ibẹ̀ ṣe rí, kí ló sì gbé mi padà wá? Èyí tó ń bí mi nínú díẹ̀ ni pé wọn kì í dúró gbọ́ ìdáhùn. Bí mo bá ti dárúkọ òtútù báyìí, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní àwọn ti gbọ́ ìyẹn, wọ́n á wá béèrè bóyá mo lè bá ọmọ àwọn wá ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀. Mi ò ní sọ̀rọ̀ físà àti tíkẹ́ẹ̀tì, torí ẹni tó bá ń lọ á fúnra rẹ̀ rí wọn. Àwọn èèyàn tí mo pàdé, oúnjẹ tí mo jẹ, àti ewé kan tó yí ọ̀nà mi padà ni mo fẹ́ sọ.

Kọ́ọ̀sì tí wọ́n fún mi

Ẹ̀kọ́ ìṣègùn ni mo béèrè fún nígbà tí mo fẹ́ wọ yunifásítì. Họtikọ́ṣọ̀ ni wọ́n fún mi. Ẹ̀yin tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí mọ bó ṣe máa ń rí: èèyàn á wo ojú fóònù, á pa á, á tún tàn án, bóyá ọ̀rọ̀ náà á ti yí padà. Màmá mi bọ́ ìgò ojú wọn. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ọmọ Èkìtì ni wọ́n, àwọn nìkan ló sì tọ́ mi láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Wọ́n ní kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Mo ṣàlàyé pé ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń gbin òdòdó, èso àti ẹ̀fọ́ ni. Wọ́n nu ìgò náà, wọ́n gbé e wọ̀ padà.

"Oko," ni wọ́n wí, wọ́n sì dìde lọ sí ilé ìdáná.

Mo ní mo máa yí kọ́ọ̀sì náà padà lẹ́yìn ọdún kan. Mi ò yí i padà. Igi máńgòrò kan nínú ọgbà ilé ìwé ló mú mi. Wọ́n ní ká gé ọ̀mùnú máńgòrò tó dùn, ká gbẹ́ ẹnu rẹ̀ lọ́bẹ, ká sì dì í mọ́ ara igi kékeré tí èso tirẹ̀ kan. Gbogbo wa ṣe é. Nígbà tí tèmi yọ ewé pupa kékeré méjì, omi bọ́ lójú mi, mi ò sì lè ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ní àdúgbò, "dókítà òdòdó" ni wọ́n ń pè mí. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí.

Nígbà tí a ṣe tán, oníkálukú wá ibi tó gbà á. Ọ̀kan nínú wa ń tún ọgbà àwọn òtẹ́ẹ̀lì ṣe ní Lẹ́kì, ara rẹ̀ sì ń dán. Ọ̀kan ń ta irúgbìn fún ilé iṣẹ́ kan, kò sí abúlé tí kò dé ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Ọ̀kan wà ní Kẹ́ńyà, níbi tí wọ́n ti ń gbin òdòdó róòsì ránṣẹ́ sí àwọn òyìnbó. Àwọn kan wọ báńkì. Ọ̀kan ń ta sólà ní Àlàbá, ó ní oòrùn tí wọ́n kọ́ òun láti lò náà ṣáà ni òun ń lò. Èmi ríṣẹ́ lọ́dọ̀ Alhaja kan tó ń ta òdòdó inú ìkòkò létí títì márosẹ̀ ní Okokomaiko. Èéfín àti eruku ọkọ̀ akẹ́rù máa ń bo àwọn òdòdó náà, nítorí náà àárọ̀ ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí màá fi àkísà tútù nu wọ́n ní ewé kọ̀ọ̀kan kí àwọn oníbàárà tó dé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, màmá mi sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní òdìkejì títì. Wọ́n rí mi, èmi náà rí wọn. Ẹ̀yìn mi ká, ẹrẹ̀ dé ìgbúnwọ́ mi. Wọn ò pè mí. Nígbà tí mo délé, wọ́n ti gbé omi gbígbóná sí bálùwẹ̀ fún mi, wọ́n sì ti gbé ìpara tí wọ́n fi ń pa ẹ̀yìn tó ń ro sórí bẹ́ẹ̀dì mi.

Nítorí náà, nígbà tí mo rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà láti lọ ka oyè kejì ní Họ́láńdì, àwọn ni inú wọn dùn ju tèmi lọ. Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, wọ́n gbàdúrà fún mi tán, wọ́n wá mú ọwọ́ mi.

"Yẹ́misí, lọ kàwé. Àmọ́ má padà wá sí Iba wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú oko. Mi ò fẹ́ fojú mi rí i mọ́."

Mo kúnlẹ̀, mo ní mo ti gbọ́, mà. Ìlérí ni mo ṣe yẹn, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀ tó rẹlẹ̀ ju òkun lọ

Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ní Họ́láńdì ni pé kò sí òkè. Ilẹ̀ náà tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọ́n ní apá ibi tí mo ń gbé rẹlẹ̀ ju òkun lọ, mo sì rí odò tí wọ́n gbẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí omi inú rẹ̀ ga ju orí àwọn tó ń fi básíkùlù kọjá lọ. Ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ò tutù. Mo rántí Ojo, níbi tí òjò ìṣẹ́jú díẹ̀ ti lè sọ èèyàn di ẹni tó ń gbé bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, mo sì rẹ́rìn-ín nìkan nínú bọ́ọ̀sì. Kò sẹ́ni tó wò mí.

Opó àgbàlagbà kan ló gbà mí sílé. Anneke ni orúkọ wọn. Bí wọ́n ṣe ṣí ilẹ̀kùn ni mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n rò pé mo ṣubú. Wọ́n dì mí mú lápá méjèèjì, wọ́n ń béèrè bóyá ara mi ò yá, bóyá ebi ló ń pa mí. Mo ní rárá, mo ń kí yín ni. Wọ́n wò mí dáadáa, wọ́n ní kí n dìde, wọ́n na ọwọ́ sí mi ká bọwọ́, wọ́n sì ní kí n máa pe àwọn ní Anneke. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bí ọmọ tó ju mí lọ! Ahọ́n mi kọ̀ ọ́. Mo pè wọ́n ní "mà," wọ́n ní àwọn kì í ṣe ọbabìnrin. Mo wá ń pè wọ́n ní Màmá Anneke, wọ́n kọ́kọ́ bínú, nígbà tó yá wọ́n gba kámú.

Ní ti oúnjẹ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Búrẹ́dì ni láàárọ̀, búrẹ́dì ni lọ́sàn-án. Wọ́n á gé wàràkàṣì pẹlẹbẹ lé e, wọ́n á máa jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn. Ní ìrọ̀lẹ́ nìkan ni wọ́n ń dáná, kíá sì ni wọ́n ń jẹun alẹ́, kí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn wọn tó ronú àtiwọ̀ rárá. Bí ẹ bá lọ kí wọn, wọ́n á fún yín ní kọfí, wọ́n á ṣí agolo bisikíìtì, ẹ ó mú ẹyọ kan, wọ́n á sì pa ìdérí agolo náà dé. Ní àkọ́kọ́, mo rò pé mo ti ṣẹ̀ wọ́n. Nígbà òtútù, wọ́n máa ń gún pòtétò, wọ́n á po ewé tútù kan mọ́ ọn, bí ẹni tó gbé ẹ̀fọ́ da sínú ẹ̀bà kó tó jẹ ẹ́. Mo bu ata gígún tí mo gbé láti ilé sí tèmi. Màmá Anneke fi orí ọ̀bẹ tọ́ ọ wò, wọ́n mu omi ife kan tán, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Láti ọjọ́ náà, wọ́n ń béèrè díẹ̀ nínú rẹ̀.

Ohun tó sọ mí di àjèjì jù lọ kì í ṣe òtútù. Ìkíni ni. Mo kọjá lára ọkùnrin kan tó ń kun ọgbà ilé rẹ̀ lọ́dà, ẹnu mi là láti kí i, kò sì sí nǹkan tí mo lè sọ. Mo délé, mo béèrè lọ́wọ́ Màmá Anneke ohun tí wọ́n ń sọ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n ní wọn kì í sọ nǹkan kan, wọn kì í fẹ́ dí i lọ́wọ́. Ó wá ku ibì kan tí wọ́n ti jọ wá: lọ́jọ́ ìbí Màmá Anneke, gbogbo àlejò tó wọlé ló bọ̀ mí lọ́wọ́, tí wọ́n ń kí mi kú oríire, èmi tí mo kàn ń gbé ibẹ̀. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi kúnlẹ̀ fún ọ̀kan nínú wọn.

Ibi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀

Pítà ni olùkọ́ tó gbà mí sí abẹ́ rẹ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ, aṣọ rẹ̀ kì í rí lílọ̀, gbogbo wa ló sì ń pè é lórúkọ. Tòmátì ni iṣẹ́ rẹ̀. Ilé ìwé náà ní ilé gíláàsì ńlá kan, ara ẹ̀kọ́ mi ni kí n máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ibẹ̀, ẹnu mi ò lè padé. Kò sí erùpẹ̀. Inú nǹkan kan tó rí bíi tìmùtìmù ni gbòǹgbò tòmátì wà, omi àti oúnjẹ rẹ̀ ń gba inú ọ̀pá tín-ín-rín wọlé. Wọ́n fi okùn so igi tòmátì kọ̀ọ̀kan mọ́ òrùlé, ó ń gùn lọ sókè bí ẹni tó fẹ́ jáde. Àwọn oyin ńlá onírun ń fò láti òdòdó dé òdòdó, inú àpótí páálí ni ilé wọn wà. Gbogbo ibi tí wọ́n gbin nǹkan sí ló ga dé ìbàdí. Àwọn tó ń ká èso ń ká a lórí ìdúró, àwọn tó ń gé ewé ń gé e lórí ọkọ̀ kékeré tó ń rìn láàárín ìlà. Mo wò títí, mi ò rí ẹnì kan ṣoṣo tí ẹ̀yìn rẹ̀ ká.

Kí èèyàn tó wọlé, á fọ ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀, á fọ ọwọ́, á wọ ẹ̀wù funfun. Wọn ò fẹ́ kí ewé kankan láti ìta wọlé. Pítà sọ ìdí rẹ̀ fún wa: bí àìsàn kan bá wọ ilé gíláàsì, yóò ti dé òpin kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo tilẹ̀ fàlà sí i nídìí.

Òdú

Nígbà tí òtútù ń kásẹ̀ nílẹ̀, ẹ̀fọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wù mí bí ohun tó wu aboyún. Kì í ṣe ewé wọn yẹn. Ẹ̀fọ́ gidi, tí a fi irú àti epo sè, tó korò díẹ̀ lẹ́yìn ahọ́n. Ọjọ́ kan ni mo wá rí i. Ní ìpẹ̀kun ilé gíláàsì, lẹ́yìn ọ̀pá omi kan níbi tí ojú kì í dé, òdú hù. Ó kéré sí tiwa, ewé rẹ̀ ò fẹ̀ bíi tiwa, àmọ́ mo wo òdòdó funfun rẹ̀, mo wo èso dúdú rẹ̀ tó so pọ̀. Mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa torí ó ní ìbátan tó ní májèlé. Òdú ni, ọmọ ìyá kan náà.

Koríko ni lójú wọn. Ẹni tó bá rí i, kó fà á tu ló tọ́. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wò ó: ọmọ Yorùbá wo ló máa rí òdú tó ń tutù yọ̀yọ̀, tí yóò fà á tu dànù? Mo fi í sílẹ̀. Nígbà tó yá, mo ń bu omi sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, mo ja ewé rẹ̀, mo kó o sápò, mo lọ bọ̀ ọ́ dáadáa nínú ilé ìdáná Màmá Anneke, mo sì sè é. Mo jẹ ẹ́ tán, mo jókòó síbẹ̀, mo sì rí i pé láti ìgbà tí mo ti dé, ara mi ò tíì balẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Mo dàbí ẹni tó ń sin ewúrẹ́ nínú yàrá. Ojoojúmọ́ ni mo ń yọ́ lọ wò ó.

Lákòókò kọfí ọjọ́ kan, Pítà wọlé, ó mú ẹ̀ka òdú kan lọ́wọ́. Ó béèrè, níwájú gbogbo wa, ta ló ń tọ́jú koríko yìí, torí ìdí rẹ̀ tutù. Mo ní èmi ni.

"Kí ló dé?"

"Oúnjẹ ni," mo wí.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Pítà yí ewé náà padà, ó fi abẹ́ rẹ̀ hàn mí. Àwọn kòkòrò funfun kéékèèké ti kún ibẹ̀. Ó ní ìbátan tòmátì ni òdú, ohun tó bá ń ṣe ọ̀kan lè kọjá sára èkejì, àwọn kòkòrò yìí sì ti dé ìlà tòmátì tó sún mọ́ ọn. Ìlà náà ni ìdánwò tó ti ń ṣe láti ìgbà òtútù.

"A máa fa gbogbo ìlà yẹn tu," ló wí. "Ohun tí o ṣe yẹn ò dáa rárá. Mu kọfí rẹ tán, ká lọ."

Bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn wí níbẹ̀ nìyẹn. Kò pariwo, kò bú mi, kò sì dín in kù. Ìbá sàn fún mi kó pariwo. A fa ìlà náà tu, a kó o sínú àpò ńláńlá, a dì í lẹ́nu. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi fa òdú náà tu gbẹ̀yìn. Mo rò pé wọ́n máa lé mi, mo ti ń ro bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún màmá mi pé ewé ẹ̀fọ́ ló gbé mi ṣubú lókè òkun.

Nígbà tí a parí, tí a ń fọ ọwọ́, Pítà béèrè báwo ló ṣe dùn sí. Mo ní ó korò díẹ̀, lẹ́yìn náà ó wá ń dùn. Ó béèrè bó ṣe ń ga tó ní ilẹ̀ wa, ìgbà mélòó la lè ká a kó tó gbó, èwo nínú irú rẹ̀ ni kì í tètè so. Mo dáhùn ọ̀kan, mi ò mọ ìyókù. Èmi tí mo gboyè nínú ọ̀gbìn ẹ̀fọ́! Mo lọ sí ilé ìkàwé láti wá a. Ìwé tòmátì gba odidi pẹpẹ bíi mélòó kan. Òdú, àyàfi díẹ̀ tí àwọn ará Kẹ́ńyà àti Kamẹrúùnù kọ, gbogbo ohun tí mo rí nípa rẹ̀ ni oríṣiríṣi ọ̀nà tí a lè gbà pa á. Mo jókòó síbẹ̀, inú bí mi, mi ò sì mọ ẹni tí mo ń bínú sí.

Ìdáhùn Pítà

Nígbà tí oyè kejì mi kù díẹ̀ kó parí, Pítà pè mí, ó ní àyè wà fún mi láti ka oyè ọ̀mọ̀wé lábẹ́ òun, lórí tòmátì. Iṣẹ́ ni wọ́n ka ìyẹn sí lọ́hùn-ún, wọ́n ń sanwó oṣù fún ẹni tó ń kà á. Mo pe màmá mi. Wọ́n kọrin lórí fóònù. Kí n tó jí lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo bẹ Pítà pé ṣé ó lè jẹ́ òdú ni màá kà dípò tòmátì. Ó ní rárá.

"Kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹ́ níbí, kò sì sẹ́ni tó máa náwó lé e lórí. Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ ẹ́ lẹ máa kà á."

Mo bi í pé bó bá jẹ́ òun ni èmi, kí ni òun máa ṣe. Ó ní òun kì í ṣe èmi. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ ò rí i pé wọn kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n níbẹ̀? Mo bínú sí i fún ọjọ́ bíi mélòó kan, lẹ́yìn náà ni mo rí i pé ó ti dá mi lóhùn.

Kò rọrùn. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìfẹ́ ìlú ló ń gun mí. Mo fẹ́ràn ilé gíláàsì yẹn, mo fẹ́ràn bí iná ṣe ń dúró síbẹ̀ láìlọ. Mo sì ti ṣèlérí fún màmá mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá rò ó pé màá fi gbogbo ayé mi ka tòmátì tí ẹgbẹ̀rún èèyàn ti ń kà, ara mi á rọ̀. Bí mo bá ro òdú, mi ò ní lè sùn fún ayọ̀. Mo pe màmá mi, mo ní mò ń bọ̀ nílé.

Wọ́n ní, "Fún họlidé?"

Mo ní, "Rárá, mà. Mò ń bọ̀ wá kàwé níbẹ̀ ni. Òdú ni mo fẹ́ kà."

Wọ́n ní ó dáa, wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, ìpè náà sì gé.

Màmá Anneke sin mí dé ibi tí mo ti wọ ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n fún mi ní agolo bisikíìtì kan, odidi. Mo kúnlẹ̀ fún wọn níwájú gbogbo èèyàn, lọ́tẹ̀ yìí wọn ò gbìyànjú láti fà mí dìde.

Àlejò nílé ara mi

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ ní Iba, ọkùnrin kan ń lẹ táyà lẹ́bàá ọ̀nà. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Ó ní, "Òo, ẹ kú ìrìn." Ó ṣe mí bíi kí n dì mọ́ ọn.

Ilé wá yàtọ̀. Màmá mi gbá mi mọ́ra, wọ́n yẹ ara mi wò, wọ́n ní mo rù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ìrẹsì àti adìẹ wá fún mi nínú àwo tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ fún pásítọ̀, lórí tíréè, pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́. Mo fẹ́ lọ pọn omi, wọ́n ní kí n jókòó. Mo fẹ́ gbálẹ̀, wọ́n ní kí n sinmi. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, àwo pásítọ̀ ni mo fi ń jẹun. Ẹni tó bá mọ ìyá Yorùbá á mọ̀ pé ìbínú nìyẹn. Bí wọ́n bá béèrè lọ́wọ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí ni mò ń ṣe, wọ́n á ní mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mò ń sinmi.

Mi ò sinmi. Yunifásítì gbà mí láti ka oyè ọ̀mọ̀wé, wọ́n sì ní kí n máa kọ́ àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé bí wọ́n ṣe ń so máńgòrò pọ̀. Ìdajì wọn ló ń fajú ro bí ọmọ tí wọ́n fi oyè ìṣègùn dù. Mo mọ ojú yẹn. Mo ń wá èso òdú kiri: mo gba ti àwọn obìnrin Ègùn ní ọ̀nà Badagry, mo gba ti àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ lẹ́bàá Navy Town, mo gba ti Abẹ́òkúta. Ẹ̀yìn ilé wa ni mo gbìn wọ́n sí, ní ebè ebè, mo sì fi álífábẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan sára igi kékeré níwájú wọn kí n lè mọ èyí tó ń ṣe dáadáa jù. Màmá mi ò dé ẹ̀yìn ilé mọ́. Wọ́n tú okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí níbẹ̀, wọ́n lọ ta á síwájú ilé, àwọn tí kì í fẹ́ kí aráyé rí aṣọ àwọn.

Orúkọ

Mo lọ sí Èkìtì lọ wá èso sí i, mo sì pẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Òjò ti rọ̀ dáadáa ní Iba lẹ́yìn mi. Nígbà tí mo dé lọ́sàn-án, mo pe màmá mi, kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo yí sí ẹ̀yìn ilé.

Wọ́n wà láàárín ebè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń tu koríko. Òkìtì koríko ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo sáré lọ sídìí ebè, torí mo rò pé wọ́n ti fa gbogbo rẹ̀ tu. Mo wò ó. Gbogbo òdú ló dúró, kò sí ọ̀kan tí wọ́n fà tu.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà."

Wọ́n ní, "Koríko ti fẹ́ pa wọ́n." Wọ́n wojú mi. "Àyà ẹ já, àbí? Ṣé o rò pé mi ò mọ òdú ni? Mo ti ń ja ewé ẹ̀ kí n tó mọ A, B, D."

Wọ́n fọwọ́ kan ebè tí òdú rẹ̀ ga jù, tí ewé rẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n béèrè kí ni orúkọ eléyìí. Mo ní C ni.

"C kì í ṣe orúkọ. Pè é ní Àbẹ̀kẹ́."

Mo béèrè ta ni Àbẹ̀kẹ́. Wọ́n ní ìyá àwọn ni. Màmá Èkìtì ni mo mọ̀ wọ́n sí láti kékeré, wọ́n ti kú kí a tó bí mi, kò sì sẹ́ni tó dárúkọ wọn létí mi rí. Màmá mi fa koríko kan, wọ́n gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ dànù kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀fọ́ yìí ni wọ́n gbìn tà tí wọ́n fi rán mi lọ sí ilé ìwé tíṣà. Gbogbo ayé wọn, orí ìbẹ̀rẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n kú, ẹ̀yìn wọn ò nà mọ́. Ẹ̀gbẹ́ la fi wọ́n tẹ́ sínú pósí. Ọjọ́ yẹn ni mo búra pé kò sí ọmọ mi tó máa fi ẹ̀yìn ẹ̀ ṣe é."

Mo bá wọn tu koríko. Nígbà tó pẹ́, mo sọ fún wọn nípa ilé gíláàsì, bí gbogbo ebè ibẹ̀ ṣe ga dé ìbàdí, àti pé mi ò rí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ rí. Wọ́n dá ọwọ́ dúró.

"O mọ ìyẹn láti ọjọ́ yìí," ni wọ́n wí, "o wá gbin gbogbo èyí sílẹ̀ẹ́lẹ̀?"

Ọ̀rẹ́ mi tó ń ta sólà ní Àlàbá bá mi kó pákó tí wọ́n fi ń di fíríìjì wọ̀lú. Káfíńtà àdúgbò kàn wọ́n ní tábìlì gíga, a da iyẹ̀pẹ̀ sínú wọn, a sì ṣí gbogbo òdú náà sókè. Lára ebè C, mo fẹ́ kọ orúkọ tí wọ́n sọ. Ọwọ́ mi kọ̀ ọ́, bí ahọ́n mi ṣe kọ Anneke lọ́jọ́sí. Ìyá Àgbà Àbẹ̀kẹ́ ni mo kọ.

Àwo pásítọ̀ ti padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ní ìrọ̀lẹ́ àná, àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì méjì wá kí màmá mi, wọ́n gba ẹ̀yìn ilé wọlé, wọ́n béèrè iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe. Màmá mi ò yíjú padà. Wọ́n dúró ṣánṣán nídìí tábìlì, wọ́n ń ja ewé.

"Iṣẹ́ ìyá mi ni," ni wọ́n wí.